Níbo Ni Owó Àsansílẹ̀ Ń Sùn?

  

Imú ọkọ̀ ló gbé mi wá síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lálẹ́ òní. Imú ọkọ̀ ni mo wí, abala iwájú tó máa ń bo rédíétọ̀. Fáíbà gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é. Kò wúwo rárá, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé e lérí. Mo ra òun àti mọ́gáàdì mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Oṣù Kẹta ni mo san ìdajì owó sílẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ó kọjá. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ. Igi wọ́wé, òtútù bẹ̀rẹ̀, mi ò rí imú, mi ò rí mọ́gáàdì. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo pè, fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Mo fi ìwé ránṣẹ́, kò sí èsì. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, mo gbé ọkọ̀ mi, mo ní mò ń lọ bá a nílé.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ọkọ̀ tí mò ń sọ, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n. Àwọn òyìnbó ń pè é ní kit car. Èmi ń pè é ní ọkọ̀ àtòpọ̀. A kì í rà á ní odindi. Èèyàn á ra ṣaṣí lọ́wọ́ wẹ́dà kan, á ra ara ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe fáíbà, á wá ra ọkọ̀ àlòkù kan, irú bíi Mazda MX-5 tó ti gbó, á tú u palẹ̀, á yọ ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀, á kó gbogbo rẹ̀ sínú gáréèjì ilé rẹ̀, á sì máa tò ó díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó lè gba ọdún kan. Ó lè gba ọdún márùn-ún. Ọjọ́ tó bá tò ó tán, yóò gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìjọba tí wọ́n ń pè ní IVA, níbi tí wọ́n ti máa ń yẹ bíréèkì wò, tí wọ́n ń yẹ iná àti bẹ́líìtì wò, tí wọ́n tilẹ̀ máa ń wò ó bóyá etí irin kankan mú tó lè gé ẹni tó ń kọjá lọ lára. Bí ó bá yege ni wọ́n tó lè fún un ní nọ́ḿbà.

Ọdún 1957 ni Colin Chapman gbé Lotus Seven jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ kékeré tó lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ lè na ọwọ́ kan ojú títì. Nígbà náà, ìjọba ń gba owó orí lórí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ti tò, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lórí èyí tí wọ́n kó fún oníbàárà ní jálajàla kó lọ tò ó fúnra rẹ̀. Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí fẹ́ràn láti máa sọ: wọ́n ní òfin kò gbà kí ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tò ó wà nínú àpótí náà, ni Chapman bá kọ ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tú u, kí oníbàárà máa kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ní 1973 ni owó orí VAT dé, àǹfààní yẹn sì parí. Ọdún náà gan-an ni ilé iṣẹ́ Caterham ní Surrey gba Seven lọ́wọ́ Lotus, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ní 1996, Ron Champion kọ ìwé kan tó sọ pé èèyàn lè to ọkọ̀ eré tirẹ̀ pẹ̀lú owó tí kò ju pọ́n-ún 250 lọ. Ìwé yẹn ló da ìgboro rú. Àwọn tí kò tíì di spánà mú rí bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tó mọ wẹ́dà ṣe rí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣaṣí tà, wọ́n ń ṣe sàlẹ́ńsà tà, wọ́n ń ṣe imú ọkọ̀ tà.

Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí, àwọn oníṣẹ́ kéékèèké. Ẹnì kan ni, tàbí ẹni méjì. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ọkọ ń ṣiṣẹ́, ìyàwó ń kọ ìwé owó, ọmọ ń di ẹrù. Wọn kò ní ilé ìkẹ́rùsí tí ọjà ti wà nílẹ̀ dè ọ́. Ìgbà tí o bá sanwó ni wọ́n tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ. Nítorí náà, gbogbo òwò wọn dúró lórí nǹkan kan ṣoṣo: pé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí yóò fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, yóò sì padà lọ sílé lọ dúró.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá tí mo sanwó fún báyìí. Ẹ̀yìn oko kan ló wà, abà tí wọ́n ń kó koríko màlúù sí tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tóbi, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo ti to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu láti ilé. Mo ti mọ èyí tí màá kọ́kọ́ sọ, mo mọ èyí tí màá fi gbá a mọ́lẹ̀. Àfi bí mo ṣe wọlé tí mo rí ọkùnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó wọ aṣọ òtútù méjì lérí ara wọn, tí oje ti gan mọ́ ọn lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tó ṣubú sínú àtè. Ó wò mí. Kò bi mí pé ta ni mí. Ó ní, "Ìwọ lo ni aláwọ̀ ewé." Àwọ̀ ewé ni mo ní kó fi ṣe imú ọkọ̀ mi. Láti ìgbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pé ni kò ti gbé fóònù mi, ó sì dá mi mọ̀ kí n tó la ẹnu.

Ó se tíì. Mo jókòó lórí àpótí, mo ń wo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ kò lè mọ ibi tó ti há, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Mọ́ọ̀dù kan wà tó dà bí imú ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Bàbá náà á fi ìda pa inú rẹ̀, á nù ún kó máa dán, á tún pa á, kí ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun gelcoat sí i. Ìyẹn ni àwọ̀ tí gbogbo ayé máa rí lójú ọkọ̀. Bí ìyẹn bá ti fẹ́ gan, á tẹ́ fáíbà lé e, funfun bí òwú, ó sì máa ń yún èèyàn lára bí èèsìn. Á po oje resin pọ̀ mọ́ èròjà tó ń mú un gan, ìdá kan tàbí méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún, á dà á lé fáíbà náà, á sì máa fi rólà tẹ̀ ẹ́ láìsinmi kí afẹ́fẹ́ má baà há sí abẹ́ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, ọjọ́ tí oòrùn bá kọ́kọ́ pa ọkọ̀ náà ni yóò wú jáde bí eéwo. Ọjọ́ kejì ni á tó lè yọ ọ́. Mọ́ọ̀dù kan, imú kan, ọjọ́ kan, ìyẹn bí ojú ọjọ́ bá gbà. Bí inú ṣọ́ọ̀bù bá tutù tí kò tó nǹkan bí ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oje náà á kọ̀ láti gan bó ṣe yẹ. Nínú abà tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ yìí, ẹ lè ṣírò iye ọjọ́ tí bàbá náà lè ṣiṣẹ́ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì.

Gbogbo ìyẹn yé mi. Iṣẹ́ ọwọ́ máa ń pẹ́, èmi náà sì ti pẹ́ lórí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rí. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló dá iṣẹ́ mi dúró, nítorí oṣù Kẹta ni mo sanwó, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló wà níwájú rẹ̀.

Mo gbójú sókè, mo rí bébà kan lára ògiri. Orúkọ èèyàn 11 ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti fi ìlà pa orúkọ méjì àkọ́kọ́ rẹ́. Èmi ni keje. Mo bi í pé, "Bàbá, owó mi dà?" Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ òtítọ́ fún mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Owó mi ni ó fi ra oje àti fáíbà tó fi ṣe iṣẹ́ ẹni kẹta. Owó ẹni kẹta ni ó fi parí ti ẹni kìn-ín-ní. Ohun tó fà á ni pé iye tó dá lé iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ kéré. Oje ti wọ́n sí i lẹ́yìn tó ti dá iye, ojú sì ń tì í láti padà lọ bẹ oníbàárà pé kó fi kún un. Ni ó bá yọ díẹ̀ nínú owó ẹni tó tẹ̀ lé e, ó ní òun á dá a padà. Láti ọjọ́ náà, owó ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni tó wà níwájú. Bí oníbàárà tuntun kò bá wọlé lọ́sẹ̀ kan, iṣẹ́ gbogbo èèyàn dúró.

Ẹ̀yin ará mi, ibẹ̀ ni ìfàsẹ́yìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá jẹ owó àsansílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹlòmíì ni iṣẹ́ rẹ ti pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n dá fún ọ ṣì kù. Kò sí olè níbẹ̀. Bàbá yìí kò kọ́ ilé, kò ra ọkọ̀ tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì dáadáa. Ó ń fi orí gbèsè kan bo òmíràn ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru nínú rẹ̀.

Mo tún bi í léèrè: kí ló dé tí kò gbé fóònù? Ó ní, "Kí ni ǹ bá sọ fún ọ?" Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ó yẹ kó pè mí, ṣùgbọ́n ó rò pé bí òun bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á ní ìròyìn rere láti sọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ìròyìn rere kò sí, àlàyé wá di méjì tó gbọ́dọ̀ ṣe: èyí tó fi pẹ́, àti èyí tó fi dákẹ́. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ìpè náà ń wúwo sí i. Nígbà tó fi pé oṣù mẹ́ta, bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já. Èmi nílé mi ń rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Òun nínú abà rẹ̀, ìtìjú ló pa á lẹ́nu mọ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un. Aránṣọ ni ìyá mi, ní Ìbàdàn, kí ọwọ́ tó wá kọ abẹ́rẹ́ fún un. Bí oníbàárà bá kó aṣọ wá tó sì san àsansílẹ̀, màmá mi á fi sísọ́ọ̀sì gé tínńrín kúrò létí aṣọ náà, ibi tí kò ní ba nǹkan jẹ́, á fi di owó onítọ̀hún, á jù ú sínú páànù Bournvita ńlá kan lábẹ́ ẹ̀rọ. Owó aláǹkárá wà nínú ańkárá, owó oníléèsì wà nínú léèsì. Bí ó bá fẹ́ ra òwú tàbí bọ́tìnnì fún aṣọ kan, owó aṣọ náà ló máa tú. Bí ebi ń pa wá nílé, a ò ní fọwọ́ kan inú páànù yẹn. Mo rántí alẹ́ kan tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú owó níbẹ̀ fún mi ra ìwé, ó ní, "Owó ìyàwó ẹlẹ́ran lo fẹ́ kí n fún ọ yẹn. Ṣé ìwọ lo máa wọ aṣọ rẹ̀ lọ síbi ìkómọ ni?"

Bí Iléyá bá sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní gba aṣọ mọ́. Àwọn èèyàn á bínú, wọ́n á kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tí kì í kọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn Iléyá, àwọn yẹn kan náà á padà wá, pẹ̀lú aṣọ tí wọn kò rí wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà ní Èkó náà á rántí ọ̀rọ̀ alájọ Ṣómólú tí wọ́n máa ń fi yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, ẹni tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Èmi gbà pé ohun tó mú orúkọ rẹ̀ dúró ju ọpọlọ lọ ni pé owó oníkálukú wà níbi tó fi í sí lọ́jọ́ tó bá wá gbà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ san owó fún irú oníṣẹ́ báyìí, yálà ọkọ̀ ló ń ṣe ni o, yálà àga ni, ẹ bi í níbi tí owó náà máa sùn. Kì í ṣe àrífín. Ẹni tó ní páànù á fi páànù hàn yín. Ẹ tún lè bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ pín owó náà: èyí tó máa ra ohun èlò lónìí, èyí tó máa tẹ̀ lé e nígbà tí ẹ bá rí àwòrán iṣẹ́ tó dé ìdajì, èyí tó kù ní ọjọ́ tí ẹ bá wá gbé e. Àwọn oníṣẹ́ tó mọ owó wọn ṣírò kì í bínú sí i. Ó tilẹ̀ máa ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ara wọn.

Fún àwa tí a wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí mo ti rí ẹni tí owó rẹ̀ bá omi lọ nítorí àìmọ̀. Òfin kan wà láti 1974 lórí owó àyálò. Ìpín 75 rẹ̀ sọ pé bí ẹ bá fi káàdì àwìn, ìyẹn credit card, ra ohun tí iye rẹ̀ ju pọ́n-ún 100 lọ, tí kò sì ju 30,000 lọ, ilé iṣẹ́ tó ni káàdì náà àti ẹni tó tajà jọ jẹ yín ní gbèsè ọjà náà ni. Bó jẹ́ àsansílẹ̀ nìkan ni ẹ fi káàdì náà san, ó bo gbogbo iye ọjà. Òfin ọdún 2015 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà sì sọ pé bí ẹ kò bá jọ dá ọjọ́, ọjọ́ 30 ni ẹni tó tajà ní láti fi jíṣẹ́. Bí ẹ bá wá fi owó ránṣẹ́ tààrà sínú àkáǹtì rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ máa tò sí. Báńkì tó fi ohun ìní rẹ̀ dúró á kọ́kọ́ gba tirẹ̀, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wà níwájú yín, àti láti oṣù Kejìlá 2020, àwọn agbowó-orí ìjọba náà ti wọ iwájú yín fún VAT tí ilé iṣẹ́ náà gbà tí kò san. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ẹ ó wá pín, ó sì lè máà ṣẹ́ ku nǹkan kan.

Iye tí bàbá yẹn dá tó kéré jù, kì í ṣe àṣìṣe òpè. Àgbà iṣẹ́ náà ti ṣe irú rẹ̀. Ní California, ní 1964, Bruce Meyers, ẹni tó ti kọ́ fáíbà gíláàsì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ṣe ọkọ̀ kan fún eré orí iyanrìn létí òkun. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá Volkswagen ló wà nídìí rẹ̀, ó sì pè é ní Manx. Àwọn 12 àkọ́kọ́ jẹ́ odindi ara fáíbà, iṣẹ́ inú wọn sì pọ̀ débi pé èrè kò sí níbẹ̀. Meyers dúró, ó tún un rò: ó gé ìsàlẹ̀ ìjàpá náà kúrú, ó gbé ara fáíbà lé e, iṣẹ́ dín kù, ó wá ṣeé tà. Ní 1967, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ fi Manx gba aṣálẹ̀ Baja ní Mẹ́síkò kọjá ní wákàtí 34 àti ìṣẹ́jú 45, wọ́n sì fi ohun tó ju wákàtí márùn-ún lọ yára ju alùpùpù tó ní àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òkìkí kàn. Oníbàárà ya bo ṣọ́ọ̀bù kékeré. Àwọn ẹlòmíì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́ọ̀dù da ọkọ̀ rẹ̀ rọ, wọ́n ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, kò jàre, nígbà tó sì di 1971, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni ohun tó ṣe láàárín, ìgbà tó rí i pé iye kò pé, tó dá ọwọ́ dúró kó tó tẹ̀síwájú. Ibi tí bàbá tèmi ti kọsẹ̀ nìyẹn.

Àwa oníbàárà náà, ẹ jẹ́ kí n bá wa wí díẹ̀. Mo rí i nínú ìwé bàbá náà pé ẹni karùn-ún ti yí àwọ̀ padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ti ní kí wọ́n dá iṣẹ́ òun dúró nítorí ó fẹ́ yí ẹ́ńjìnnì padà, oṣù méjì lẹ́yìn náà ló pè tó ń pariwo pé iṣẹ́ òun pẹ́. A fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, a sì fẹ́ kó yá bí èyí tó ti ilé iṣẹ́ ńlá jáde. A máa ń nájà títí iye á fi kéré ju ohun èlò lọ, a wá ń yangàn pé a rí i rà. Owó tí a ná kù yẹn, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ti máa jáde, ẹni náà sì lè jẹ́ ẹni tó tò sẹ́yìn wa lórí bébà.

Mo ní láti sọ ti ọ̀dọ́kùnrin kan, ẹni tó ṣe sàlẹ́ńsà fún ọkọ̀ mi lọ́dún náà kan náà. Òun náà pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọjá ọjọ́ tó dá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn aago mẹ́rin, fóònù mi á dún tin, màá sì rí àwòrán. Lọ́sẹ̀ kan, páìpù mẹ́rin lásán lórí tábìlì, orúkọ mi ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti jó wọn pọ̀, ojú wẹ́dà náà ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Lọ́sẹ̀ kẹta, páìpù kan ti là, ó ya àwòrán ibi tó là hàn mí, ó ní, "Eléyìí kò dára tó, màá tún un ṣe, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá." Ta ló fẹ́ bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo ti ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti ìgbà náà, mo sì ti fa èèyàn mẹ́rin lé e lọ́wọ́. Kò ná an ju ìṣẹ́jú méjì lọ lọ́sẹ̀. Ohun tó fi rọrùn fún un láti máa fi àwòrán ránṣẹ́ ni pé páìpù tí mo sanwó fún wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Bàbá tèmi kò ní ohun tó lè yà ní fọ́tò. Owó rẹ̀ ti di imú ọkọ̀ ẹlòmíì.

Ní ọjọ́ náà nínú abà, bàbá náà tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ìyá mi dé ìparí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, "Ṣé kì í dà wọ́n pọ̀ rí?" Mo ní mi ò rí i kó dà wọ́n pọ̀. Mo bá a tan ẹ̀rọ amúlé-gbóná méjì yí mọ́ọ̀dù ká, a fi tapólì bò ó bí àgọ́, ó sì ṣe imú ọkọ̀ mi nínú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó fò mí lé orí àwọn tó ṣáájú mi. Òun ló ní ti ẹni kẹta sí ẹni kẹfà ti wà nílẹ̀, ó ku kí wọ́n wá gbé e. Oṣù Kejìlá ni mo gbé e wálé, aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Mo san owó tó kù.

Mo tún gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá nígbà ìrúwé. Bébà ara ògiri ti kúrú, orúkọ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó fi àtè lẹ ègé gelcoat kan tí kò ju èékánná lọ mọ́ ọn, àwọ̀ ọkọ̀ onítọ̀hún: pupa kan, dúdú kan, aláwọ̀ ojú ọ̀run méjì. Iye owó tí ẹni náà san wà lábẹ́ rẹ̀, iye tó ti ná lórí iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìyẹn. Ó ní òun ti ṣí àkáǹtì mìíràn ní báńkì tí òun kì í fi ra epo tàbí oúnjẹ. Iye tó ń pè lórí imú ọkọ̀ ti gòkè. Ó ní oníbàárà méjì ti bá a nájà tì, wọ́n sì ti lọ.

Mo sanwó fún ìdérí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló dá fún mi. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wà ní ìdáná, ọwọ́ mi wà nínú ọṣẹ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo nu ọwọ́, mo gbé e. Bàbá náà ni, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí. Ó ní, "Mi ò tíì ṣe tìrẹ tán. Ó máa fi ọ̀sẹ̀ méjì kọjá ọjọ́ tí mo dá. Fáíbà rẹ wà níbí, mo ń wò ó báyìí." Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ṣeun gan-an."